Òkúta Ẹnu Kànga

Ẹ̀kọ́ fún ọjọ́ ìsinmi yìí: Gẹ́nẹ́sísì orí 29, ẹsẹ 1 sí 10, orí 26, ẹsẹ 15 sí 22.

Àlùfáà wa ni ó ní kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ìsìn, nítorí èmi ni mo ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé Ìgbìmọ̀ Ìjọ, mo sì mọ iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ omi ti mú kí a pẹ́ délé láti ọdún tí ó kọjá. Akọ̀wé kì í ṣe oníwàásù. Bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn jù, ẹ fi orí jì mí. Bí ó bá kúrú jù, ẹ ka Bíbélì yín kún un.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bá Jékọ́bù rìn dé Háránì. Ó sá kúrò nílé, ó rìn títí ó fi dé ilẹ̀ àwọn ará ìlà-oòrùn. Àjèjì ni, kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí ojú rẹ̀ rí kì í ṣe ààfin, kì í ṣe ọjà, kànga ni. Agbo àgùntàn mẹ́ta dùbúlẹ̀ tì í, òkúta ńlá sì wà lẹ́nu rẹ̀. Jékọ́bù wo ojú ọ̀run, ó rí i pé oòrùn ṣì wà lókè, ó bi àwọn darandaran náà léèrè pé kí ló dé tí wọn kò fún ẹran lómi kí wọ́n sì kó wọn padà lọ jẹko. Wọ́n dá a lóhùn pé kò ṣeé ṣe. Àfi bí gbogbo agbo bá pé ni àwọn tó lè yí òkúta náà kúrò. Àṣà ibẹ̀ sì ni pé bí gbogbo ẹran bá ti mu tán, wọ́n á tún dá òkúta náà padà sí ààyè rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa a máa sáré kọjá níbẹ̀, nítorí Rákẹ́lì ń bọ̀ lọ́nà. Lóòótọ́, nígbà tí Rákẹ́lì dé, Jékọ́bù nìkan ṣoṣo ni ó yí òkúta ńlá yẹn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́mọkùnrin wa, mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni ó dùn mọ́ yín jù. Ṣùgbọ́n òkúta yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí a wò lónìí.

Wọn kò gbé e síbẹ̀ láti fi omi du ènìyàn. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ fi omi du ènìyàn, wọn ìbá mọ odi yí kànga náà ká, kí wọ́n fi àgádágodo sí i, kí ọkùnrin kan sì máa gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kiri nínú àpò. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò fi ẹnu kànga sílẹ̀ gbayawu fún ewúrẹ́ àti erùpẹ̀. Òkúta tí ó wúwo ju agbára ẹnìkan lọ ni wọ́n fi bò ó, kí ó lè jẹ́ pé ìpéjọ ni yóò máa ṣí i. Nípa báyìí, ẹni tí ó tètè jí kò lè fa omi tán kí ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ jìn tó dé. Ẹni tí ó mu yó kò sì lè ki ẹran rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó máa lọ. Ó ní láti dúró bá àwọn yòókù dá òkúta padà. Bíbélì kò sọ orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ kànga náà fún wa. Ìlànà rẹ̀ ni ó sọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gidigidi ní Abuja. Àjèjì ni àwa náà níhìn-ín. Ní ọdún 1975 ni ìjọba ológun yan Adájọ́ Akínọlá Àgùdà, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, láti ṣe alága ìgbìmọ̀ tí yóò gbìmọ̀ lórí ibi tí olú-ìlú yóò wà. Ní oṣù Fẹ́búárì ọdún 1976 ni òfin fi ìdí agbègbè yìí múlẹ̀, ní ọjọ́ kejìlá oṣù Disẹ́ńbà ọdún 1991 sì ni a kó ìjọba àpapọ̀ kúrò ní Èkó wá síhìn-ín. Kí gbogbo èyí tó ṣẹlẹ̀, àwọn Gbàgyí àti àwọn ẹ̀yà mìíràn ti wà lórí ilẹ̀ yìí, wọ́n ń dáko, wọ́n ń pọnmi odò rẹ̀. Àwa dé pẹ̀lú ìwé tiransífà àti ẹrù ọjà. A kò bá odò bàbá ẹnikẹ́ni wa níhìn-ín.

Nílé, àwọn ìyá wa kò nílò kí a kọ òfin omi sára ògiri. Apá òkè ni a ti ń pọn èyí tí a ó mu, apá ìsàlẹ̀ ni a ti ń fọṣọ, ẹnikẹ́ni kì í sì í ki ìkòkò onísisà bọ inú odò mímu. Bí koríko bá bo ọ̀nà odò, agogo á ró, ilé kọ̀ọ̀kan á sì yọ ẹnìkan pẹ̀lú àdá. Ilé tí kò bá yọ ẹnìkan á san owó ìtanràn. Kò sí ẹni tí ó ń jẹ́ Oníṣẹ́-omi. Gbogbo ìlú ni oníṣẹ́ omi.

Níhìn-ín, ìjọba ni ó ṣe ti omi. Ní ọdún 1984 ni a parí ìsédò Lower Usuma tí ìlú ń mu omi rẹ̀ títí di òní, lẹ́yìn náà a tún fi ọ̀pá ńlá fa omi wá kún un láti odò Gúrárà ní ìpínlẹ̀ Kàdúná. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì yẹ kí a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìlú ń yára dàgbà ju ọ̀pá omi lọ. Ní àwọn ìlú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bíi Mpape àti Lugbe, ọ̀pọ̀ ilé ni ọ̀pá náà kò dé, kẹ̀kẹ́ méruwà ni wọ́n sì gbójú lé. Kí wá ni ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tó o nínú wa ṣe? Ó gbẹ́ kànga dẹ̀rọ tirẹ̀. Aládùúgbò rẹ̀ náà gbẹ́ tirẹ̀. Olúkúlùkù baálé di ilé-iṣẹ́ omi ara rẹ̀, ó ra pọ́ǹpù, ó ra táǹkì, ó ra jẹnẹrétọ̀, ó sì mọ odi ga kí ẹnikẹ́ni má baà rí i.

Ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún 2018, ilẹ̀ mì tìtì ní Mpape àti ní Maitama. Ẹ̀yin tí ẹ wà níhìn-ín nígbà náà kò ní gbàgbé rẹ̀. Ìjọba yan ìgbìmọ̀ láti wádìí rẹ̀. Láti inú ìwádìí náà ni a ti gbọ́ pé kànga dẹ̀rọ tí ó wà ní Abuja tó ọ̀kẹ́ márùn-ún àbọ̀, èyíinì ni 110,000, àti pé omi tí wọ́n ń fà jáde lójúmọ́ tó tọ́ọ̀nù 330,000. Wọ́n ka ìfàmi yìí mọ́ ohun tí wọ́n fura sí, pẹ̀lú àpáta tí a ń fi ẹ̀tù fọ́. Èmi kì í ṣe onímọ̀ ilẹ̀, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ohun tí ó mì wá. Ohun tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ sọ nípa ìlú yìí ni mo fẹ́ kí a gbọ́: wọ́n ní àpáta líle ni Abuja jókòó lé, omi kò sì kún abẹ́ rẹ̀ bí ó ti ń kún inú agbada, inú ẹ̀là àpáta ni omi ń sá pamọ́ sí. Ẹ̀là kan ṣoṣo lè gba abẹ́ ilé mẹ́ta kọjá. Nítorí náà, ẹni tí ó fi pọ́ǹpù alágbára fa omi nínú ilé kìn-ín-ní, ó lè jẹ́ omi ilé kẹta ni ó ń fà. A lè mọ odi yí ilẹ̀ ká, ṣùgbọ́n odi náà kò dé ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó bá ní òun ti gbẹ́ tòun, òun kò bá ẹnikẹ́ni pín nǹkan kan, ó ń bá wọn pín in láìmọ̀.

Mo wá dé orí kànga ìjọ wa.

Owó ìkórè ọdún méjì ni àwọn bàbá wa fi gbẹ́ ẹ, àwọn náà ni wọ́n sì kọ ojú ẹ̀rọ mẹ́ta sí ìta, sí ẹ̀bá títì. Ìdí rẹ̀ wà nínú ìwé ìpàdé: wọ́n ní kò yẹ kí ilé Ọlọ́run ní omi, kí aládùúgbò sì máa gbé garawa òfìfo kọjá níwájú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni onírúurú ènìyàn ti ń pọn ín. Àwọn ìyá Gbàgyí ń gbé e lé èjìká lọ gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn. Àwọn ará Tiv ń pọn ín, àwọn ará Ìgbò ń pọn ín, àwọn ọmọ ilé-kéwú tí ó wà ní ìkángun àdúgbò ń fi kẹ́tù wọn pọn ún, ìyá olóúnjẹ tí ó wà lẹ́bàá ibùdókọ̀ sì ń rán ọmọ wá lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Kò sí ẹni tí ó bínú sí ìwọ̀nyí. Ìdájí ni wàhálà dé. Kí aago mẹ́rin tó lù, àwọn méruwà ti to kẹ̀kẹ́ wọn, wọn á rọ kẹ́ẹ̀gì kún kẹ́ẹ̀gì, wọn á sì tà á káàkiri àdúgbò. Ìyá ilé tí ó bá dé ní aago mẹ́fà, táǹkì ti gbẹ. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọjá, pọ́ǹpù jóná. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá dá owó, ẹgbẹ́ àwọn bàbá dá owó, akọrin pàápàá dá owó. Ẹni tí ń pọnmi láti ìta kò mọ̀ pé pọ́ǹpù jóná. Ohun tí ó mọ̀ ni pé fún ọjọ́ mọ́kànlá kò sí omi.

Nínú ìpàdé tí ó tẹ̀lé e, ẹ̀yin àgbà mọ̀ pé ohùn lọ sókè. Àwọn kan ní kí a ti géètì, kí a yí ojú ẹ̀rọ sí inú ọgbà, kí ọmọ ìjọ nìkan máa pọn. Bàbá kan bèèrè pé ṣé àwa ni kí a máa ra epo dísẹ̀lì kí ẹlòmíràn máa fi í ṣòwò? Ìbéèrè gidi ni. Àwọn kan ní rárá o, omi Ọlọ́run ni, kí a ṣí i sílẹ̀ bí ó ti wà, Olúwa yóò pèsè. Nígbà náà ni ìyá kan dìde, ó ní bí a bá ti géètì, tí ọmọ aládùúgbò mu omi kòtò, tí ó ṣàìsàn, ilé ta ni àìsàn náà yóò kọ́kọ́ yà sí? Ọ̀rọ̀ náà mú kí ilé pa rọ́rọ́. Kì í ṣe àsọdùn. Ní ọdún 2021 àrùn onígbáméjì jà káàkiri orílẹ̀-èdè yìí, ó sì jà ní Abuja. Ó pa ènìyàn, kò sì bi ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ó ń lọ kí ó tó wọlé.

Lójú tèmi, ìhà méjèèjì fẹ́ ohun rere, ṣùgbọ́n ìhà méjèèjì rò pé ọ̀nà méjì péré ni ó wà: kí a tì í, tàbí kí a ṣí i gbayawu. Wọ́n gbàgbé òkúta Háránì. Kì í sì í ṣe àwa nìkan ni a ń rò bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1968, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, Garrett Hardin, kọ̀wé pé pápá tí gbogbo ènìyàn bá jọ ń da ẹran sí, dandan ni kí ó bàjẹ́, nítorí olúkúlùkù yóò máa fi ẹran kan kún tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀, àwọn aláṣẹ sì fẹ́ràn rẹ̀: wọ́n ní àfi kí a fi nǹkan bẹ́ẹ̀ lé ìjọba lọ́wọ́ tàbí kí a fún ẹnìkan ní tirẹ̀. Obìnrin kan, Elinor Ostrom, ará Amẹ́ríkà bákan náà, kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gba ìròyìn jọ nípa àwọn darandaran orí òkè ní Switzerland, nípa igbó àwọn abúlé ní Japan, nípa àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n jọ ń lo omi ní Sípéènì àti Philippines. Ó rí pápá àti odò tí àwọn ènìyàn ti jọ ń lò fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún tí kò bàjẹ́. Ó rí ìdí rẹ̀ pẹ̀lú: wọ́n mọ ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ sí i, àwọn tí ń lò ó ni wọ́n ń ṣe òfin rẹ̀, láàárín ara wọn ni wọ́n ti yan olùṣọ́, ẹni tí ó bá ṣẹ̀, ìbáwí kékeré ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, ibi tí a ti ń parí ìjà kò sì jìnnà. Ní ọdún 2009 ó gba ẹ̀bùn Nobel, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó gba ti ìmọ̀ ọrọ̀-ajé. Bí ìyá mi àgbà bá wà láyé, yóò bèèrè pé ṣé ìyẹn náà ni wọ́n ń fún ènìyàn ní ẹ̀bùn lé lórí. Ṣùgbọ́n ó tọ́ sí obìnrin náà. Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ tí a kò kọ sílẹ̀, alágbára lè sọ pé kò sí.

Ọ̀kan nínú àwọn ibi tí ó kọ nípa rẹ̀ dùn mọ́ mi, nítorí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ní ìlú Valencia, ní ilẹ̀ Sípéènì, ní ọ̀sán gangan gbogbo ọjọ́bọ̀, àwọn àgbẹ̀ mẹ́jọ tí àwọn ẹgbẹ́ wọn yàn a máa jókòó níwájú ilẹ̀kùn Kàtídírà tí à ń pè ní Ilẹ̀kùn Àwọn Àpọ́sítélì. Ẹjọ́ omi oko ni wọ́n ń dá: ẹni tí ó fa omi kọjá ìgbà tirẹ̀, ẹni tí kò tún ojú ọ̀nà omi ṣe. Kò sí lọ́yà, ẹnu ni wọ́n fi ń ro ẹjọ́, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n sì ń dá a. Àwọn ará ibẹ̀ gbà pé ilé-ẹjọ́ yìí ti wà fún nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún. Ní ọdún 2009 kan náà ni àjọ UNESCO kà á mọ́ ogún gbogbo ayé. N kò sọ pé kí a di adájọ́ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i pé inú kọ́ ni wọ́n jókòó sí. Ìta ni, níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè gbọ́.

Àwa Yorùbá náà ti jà fún omi rí. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ fa omi ẹ̀rọ wọ Èkó, tí wọ́n ní kí ará ìlú san owó rẹ̀, Dókítà John Randle àti Dókítà Orísàdípẹ̀ Ọbasá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ ní ọdún 1908 láti ta kò ó. Ará Èkó ní àwọn ní kànga tiwọn, àwọn òyìnbó ni omi náà yóò ṣe láǹfààní jù. Omi Ìjù ṣàn ní ọdún 1915, owó omi sì tẹ̀lé e. Èmi kò gbà pé gbogbo ohun tí àwọn bàbá wọ̀nyẹn sọ ni ó tọ̀nà, nítorí omi tí ó mọ́ gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ là. Ṣùgbọ́n wọ́n bèèrè ohun kan tí ó tọ̀nà: ta ni ó wà níbẹ̀ nígbà tí a ń pinnu?

Ìbéèrè náà tún jí ní ọdún 2014, nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ń bá ẹ̀ka kan nínú Báńkì Àgbáyé sọ̀rọ̀ lórí bí àwọn aládàáni yóò ṣe wọ inú iṣẹ́ omi ìlú. Àjọ Environmental Rights Action, tí Akinbode Oluwafemi jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ omi, àwọn obìnrin àti àwọn ará àdúgbò, para pọ̀ ṣe ìpolongo kan tí wọ́n sọ ní Our Water Our Right, èyíinì ni pé omi wa, ẹ̀tọ́ wa. Wọ́n rán àwọn aláṣẹ létí pé ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Júláì ọdún 2010 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti gbà pé omi mímọ́ jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn. Ní ọdún 2015, ẹ̀ka Báńkì náà kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìparapọ̀ àwọn ènìyàn tí kò ní ipò ni ó ṣe é. Síbẹ̀, ẹ̀tọ́ kì í fa omi. Bí a bá kígbe tán, ẹnìkan ṣì gbọ́dọ̀ ra epo dísẹ̀lì, ẹnìkan ṣì gbọ́dọ̀ tì í ní alẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ Ísáákì kún un. Àwọn ará Filísítínì fi erùpẹ̀ dí àwọn kànga tí Ábúráhámù bàbá rẹ̀ gbẹ́. Ẹni tí ó dí kànga kò mu nínú rẹ̀, ẹran rẹ̀ kò sì mu. Kìkì kí ẹlòmíràn má baà mu ni. Ísáákì tún wọn gbẹ́. Àwọn ará Gérárì bá a jà lórí ọ̀kan, wọ́n bá a jà lórí èkejì, orúkọ ìjà ni ó sì sọ kànga méjèèjì. Ó ṣí síwájú, ó gbẹ́ ẹ̀kẹta, ẹnikẹ́ni kò jà lórí rẹ̀, ó sì pè é ní Rèhóbótì nítorí pé Olúwa ti fi àyè gbà wọ́n. Ilẹ̀ Gérárì gbòòrò, Ísáákì lè ṣí lọ. Àwa ńkọ́? Kí ẹni tí ó bá ní kí a ṣí lọ lọ bèèrè iye owó ilẹ̀ kan ṣoṣo ní Abuja lónìí. Bí Rèhóbótì yóò bá wà, orí kànga tí a ti ń jà yìí náà ni yóò wà.

Nítorí náà, ohun tí Ìgbìmọ̀ fẹ́ gbé wá síwájú gbogbo ènìyàn nìyí. Kí ojú ẹ̀rọ wà ní ìta níbi tí àwọn bàbá wa fi í sí. Kí a máa ṣí i láti aago márùn-ún àbọ̀ títí di mẹ́sàn-án òwúrọ̀, àti láti mẹ́rin sí méje ìrọ̀lẹ́. Kí ilé kọ́kọ́ pọn, kí kẹ̀kẹ́ méruwà tẹ̀lé e, kí kẹ̀kẹ́ sì máa san owó díẹ̀ sínú àpótí epo. Ẹni tí ó pọn lọ ilé rẹ̀ kò ní san kọ́bọ̀. Kí ènìyàn méje máa bójú tó o, méjì láti inú ìjọ, márùn-ún láti inú àwọn aládùúgbò, ọ̀kan nínú wọn kí ó jẹ́ méruwà, kí ó má sì dín ní mẹ́ta tí yóò jẹ́ obìnrin, nítorí àwọn ni ó mọ ìgbà tí omi ń tán. Kí a máa lẹ ìṣirò owó mọ́ ògiri lóṣooṣù, kí ẹni tí kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa lè kà á. Àwọn kan nínú Ìgbìmọ̀ rò pé márùn-ún sí méjì ti pọ̀ jù, pé kànga wa ni. Èmi rò pé ẹni tí kò bá bá wa ṣe òfin kò ní bá wa ṣọ́ ọ. Iye owó kẹ̀kẹ́ ni a kò tíì dá, kò sì yẹ kí a dá a láìsí àwọn méruwà níjòókòó.

Ìpàdé yóò wáyé ní Sátidé tí ń bọ̀, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, lábẹ́ igi máńgòrò tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, kì í ṣe nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó lè rọrùn fún àwọn aládùúgbò wa Mùsùlùmí. A ti rán oníṣẹ́ sí àgbà àwọn Gbàgyí àti sí olórí àwọn méruwà, àwọn méjèèjì ní àwọn yóò wá. A nílò ẹni méjì tí ó gbọ́ Hausa dáadáa láti ṣe ògbufọ̀. Kí wọ́n rí mi lẹ́yìn ìsìn. Arákùnrin wa tí ó tún pọ́ǹpù ṣe yóò wá ṣàlàyé ohun tí ó jó o. Kí ẹni tí ó bá ní àga nílé bá wa gbé méjì-méjì wá, nítorí àga ṣọ́ọ̀ṣì kò ní tó.